Kí omi àpò ọmú tó sọ ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ fún ẹ̀yin tó ń bọ̀ lẹ́yìn

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọnú iṣẹ́ yìí, ìbéèrè kan wà tí ẹ óò máa gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀ pé omi inú àpò ọmú (àpò kékeré tí omi ń gbára jọ sí nínú ọmú, tí dókítà ń pè ní cyst) lẹ̀ ń yẹ̀ wò: "Ṣé purotéènì inú omi yẹn lè fi obìnrin tí yóò ní jẹjẹrẹ hàn?" Ohun tí iṣẹ́ yìí kọ́ mi ni pé omi náà á kọ́kọ́ sọ irú àpò tó ti wá. Á sọ ọjọ́ orí obìnrin tó ni ín, á sọ bí wọ́n ṣe fà á àti bí wọ́n ṣe tọ́jú rẹ̀. Ẹ̀yìn gbogbo ìyẹn ni ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ tó lè kàn, bó bá máa kàn rárá. Ẹni tí kò bá fara balẹ̀ gbọ́ àwọn nǹkan ìṣáájú yìí, ohun tó máa pè ní àmì jẹjẹrẹ lè má ju àmì irú àpò lọ. Mo fẹ́ kí ẹ mọ èyí kí ẹ tó fọwọ́ kan sáńpù àkọ́kọ́.

Ibi tí àpò náà ti ń ṣẹ̀ ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Nínú ọmú, àwọn ọ̀nà wàrà máa ń pẹ̀ka títí wọn ó fi kéré gan-an, wọn á sì parí sínú àwọn ìdì kéékèèké tí wàrà ti ń ṣẹ̀dá. Ibi ìpàdé yẹn ni ọ̀nà ti ń fẹ̀, tí omi ń gbára jọ, tí àpò fi ń di àpò. Ibẹ̀ kan náà ni ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ ọmú ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí omi yìí ṣe pàtàkì lójú wa: ó wà ní àdúgbò tí a fẹ́ gbúròó, abẹ́rẹ́ lásán ni a sì lè fi bù ú láìgé ẹnikẹ́ni. Àwọn obìnrin tó wà láàárín ọdún 35 sí 50 ni àpò yìí wọ́pọ̀ jù lára wọn. Lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti dáwọ́ dúró, ó máa ń dín kù, àfi bí obìnrin bá ń lo oògùn họ́mónù.

Àpò náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ẹ jẹ́ kí èyí dúró lọ́kàn yín, nítorí ojoojúmọ́ lẹ óò máa bá àwọn obìnrin tó ń bẹ̀rù pàdé. Bí sikáànì bá fi hàn pé omi nìkan ló wà nínú rẹ̀, tí ara rẹ̀ fẹ́lẹ́, tí etí rẹ̀ sì gún régé, dókítà kì í ṣe nǹkan kan sí i ju pé kó fi obìnrin náà lọ́kàn balẹ̀. Bó bá ń dùn ún ni wọ́n máa ń fa omi rẹ̀. Èyí tí nǹkan líle bá wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú omi, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Wọ́n ní láti gé díẹ̀ níbẹ̀ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má ṣe kó àwọn méjèèjì pọ̀ sínú ìwádìí kan ṣoṣo kí ẹ sì pe gbogbo wọn ní àpò omi. Mo ti ka iṣẹ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀, ẹni tó kà á kò sì lè mọ ohun tí àbájáde rẹ̀ ń sọ.

Kí ló wá mú wa máa wá ewu jẹjẹrẹ nínú ohun tí kì í ṣe jẹjẹrẹ? Ìwádìí ọlọ́jọ́ pípẹ́ ló fà á. Ní 1985, William Dupont àti David Page ní Nashville, ní Amẹ́ríkà, tẹ àbájáde iṣẹ́ wọn jáde lórí obìnrin tó lé ní 3,300 tí wọ́n ti gé ara ọmú wọn wò tí wọn kò sì rí jẹjẹrẹ. Àwọn tí sẹ́ẹ̀lì ọmú wọn ń pọ̀ sí i, tí ìrísí sẹ́ẹ̀lì náà sì ti ń yàtọ̀, ewu tiwọn ju ìlọ́po 5 lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tí sẹ́ẹ̀lì wọn kò pọ̀ sí i. Àpò omi nìkan kò fi bẹ́ẹ̀ gbé ewu sókè. Ṣùgbọ́n bí ìyá obìnrin náà, tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ obìnrin, tàbí ọmọ rẹ̀ obìnrin bá ti ní jẹjẹrẹ ọmú, tí òun náà sì ní àpò omi, ewu tirẹ̀ ga ju ti àwọn tí kò ní èyíkéyìí nínú méjèèjì lọ.

Nígbà tó di 1999, Dixon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Edinburgh, ní Skọ́tláńdì, sọ ohun tí wọ́n rí lára obìnrin 1,374 tí wọ́n ní àpò omi tí ọwọ́ lè tẹ̀ kàn. Jẹjẹrẹ tó yọ lára wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 3 iye tí à bá retí láàárín àwọn obìnrin lápapọ̀. Ti àwọn tí kò tíì pé ọdún 45 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 6.

Àmọ́ ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ju èje lọ. Obìnrin tí kò tíì pé ọdún 45 kì í sábà ní jẹjẹrẹ ọmú, nítorí náà ìlọ́po 6 iye tó kéré ṣì lè jẹ́ iye tó kéré. Bí ẹ bá kọ "ìlọ́po 6" sínú ìròyìn láìkọ iye ènìyàn tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ ti dẹ́rù ba ẹni tí kò yẹ kó bẹ̀rù. Ohun kejì ni pé àpò tí ọwọ́ tẹ̀ kàn ni wọ́n ń sọ. Lóde òní sikáànì máa ń rí àwọn kéékèèké tí obìnrin kò mọ̀ pé òun ní, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ gbé ìṣirò ti àtijọ́ ka orí wọn bẹ́ẹ̀ lásán. Ohun kẹta, obìnrin tó ní àpò máa ń padà wá sí ilé ìwòsàn léraléra, wọ́n á máa yẹ ọmú rẹ̀ wò ju ti ẹlòmíràn lọ, bí jẹjẹrẹ bá sì wà, wọ́n á tètè rí i. Apá kan lára ewu tí a kà lè jẹ́ ewu tí ojú tó pọ̀ jù lọ rí. Bí mo bá ń ka iṣẹ́ ẹnikẹ́ni lórí ọ̀rọ̀ yìí, àwọn obìnrin tí wọ́n fi wé àwọn alápò ni mo máa ń kọ́kọ́ wá, kí n tó wo iye tí wọ́n rí.

Ọ̀rọ̀ irú àpò ló kàn, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dúró sí díẹ̀.

Bí ẹ bá wọn sódíọ̀mù àti potásíọ̀mù inú omi náà, àwọn àpò á pín sí ọ̀nà méjì gbòòrò. Irú kìn-ín-ní ní potásíọ̀mù tó pọ̀ àti sódíọ̀mù tó kéré, bíi pé inú sẹ́ẹ̀lì ni omi náà ti wá. Sẹ́ẹ̀lì tó tẹ́ inú àpò yìí ga, ó ń ṣiṣẹ́, ó ń tu nǹkan jáde, ó sì jọ ti ẹṣẹ́ òógùn abẹ́ apá. Apocrine ni àwa oníṣẹ́ ń pè é. Irú kejì ní sódíọ̀mù púpọ̀ àti potásíọ̀mù díẹ̀, ó sún mọ́ omi ẹ̀jẹ̀, sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ sì ti pẹlẹbẹ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn fi 3 ṣe ààlà: bí a bá fi iye potásíọ̀mù pín iye sódíọ̀mù tí èsì rẹ̀ kò tó 3, irú kìn-ín-ní ni, bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, irú kejì ni. Àwọn mìíràn pín in sí mẹ́ta, wọ́n fi àwọn tó wà láàárín sọ́tọ̀. Nítorí pé ààlà kò dọ́gba kárí, iye gan-an ni kí ẹ máa kọ sílẹ̀, ẹ má kọ orúkọ irú nìkan. Ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn lè fẹ́ fa ààlà tirẹ̀ síbòmíràn.

Ìyàtọ̀ méjì yìí kò parí sórí iyọ̀. Láàárín ọdún 1970 sí 1980, Haagensen àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ya àwọn purotéènì tó pọ̀ jù nínú omi yìí sọ́tọ̀, wọ́n sì fi ìwọ̀n wọn sọ wọ́n lórúkọ (GCDFP ni ìkékúrú orúkọ Gẹ̀ẹ́sì tó túmọ̀ sí purotéènì omi àpò ọmú): GCDFP-70, GCDFP-44, GCDFP-24 àti GCDFP-15. Nígbà tó yá ni a mọ̀ pé 70 ni albumin tí gbogbo wa mọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. 44 ni zinc-alpha-2-glycoprotein, 24 ni apolipoprotein D, 15 sì ni èyí tí àwọn ẹlòmíràn ti rí lọ́tọ̀ tí wọ́n pè ní PIP (prolactin-inducible protein). Àpò irú kìn-ín-ní ló sábà máa ń kún fún PIP, nítorí sẹ́ẹ̀lì apocrine ló ń ṣe é, họ́mónù akọ sì ń tì í lẹ́yìn. Sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí kì í sábà ní ibi tí estrogen, họ́mónù abo, lè dì mú, ṣùgbọ́n wọ́n ní ti họ́mónù akọ. Irú kejì ni albumin ti ń gba ipò iwájú.

PIP kì í ṣe ti ọmú nìkan o. Ó wà nínú itọ́, nínú òógùn, nínú omijé àti nínú àtọ̀. Ilé àyẹ̀wò ń lò ó láti mọ̀ bóyá jẹjẹrẹ tó ti tàn dé ibòmíràn ti inú ọmú wá. Iṣẹ́ tó dára nìyẹn, ó sì wúlò, ṣùgbọ́n ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti wá ló ń sọ. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé sẹ́ẹ̀lì náà yóò di jẹjẹrẹ.

Ẹ wá wo ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ ti ń ṣubú. Ká ní ẹ ní sáńpù obìnrin 20 tó padà ní jẹjẹrẹ àti ti 20 tí kò ní. Ká ní 14 nínú àwọn ìṣáájú ni àpò wọn jẹ́ irú kìn-ín-ní, tó sì jẹ́ pé 8 péré ni nínú àwọn kejì. Bí ẹ bá gbé gbogbo rẹ̀ lọ sórí ẹ̀rọ, PIP á ga lọ́dọ̀ àwọn tó ní jẹjẹrẹ, apolipoprotein D lè ga, albumin lè wálẹ̀, ọ̀pọ̀ purotéènì apocrine mìíràn á sì tẹ̀lé wọn. Àwòrán tí ẹ óò yà á lẹ́wà. Ẹnì kan á dìde, á ní a ti rí àmì mẹ́wàá. Kò sì sí ju ẹyọ kan lọ níbẹ̀: irú àpò. Gbogbo mẹ́wàá ń tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ ni, sódíọ̀mù àti potásíọ̀mù sì lè sọ ọ́ fún yín láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ilé ìwòsàn fi ń wọn iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí mo máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá gbé purotéènì tuntun wá ni pé: nínú irú kìn-ín-ní nìkan, ṣé ó ṣì yàtọ̀? Nínú irú kejì nìkan ńkọ́? Bí ìyàtọ̀ bá pòórá nígbà tí a pín wọn, ẹ ti rí ìdáhùn. Bó bá dúró, ẹ ní nǹkan lọ́wọ́ tó yẹ kí ẹ tẹ̀síwájú lórí rẹ̀.

Ẹ̀yin á fẹ́ sọ pé, bóyá irú àpò fúnra rẹ̀ ni ewu náà. Ìbéèrè tó dára ni, àwọn àgbà sì ti bi í. Ní 1997, àwọn olùwádìí kan ní Ítálì tẹ àbájáde jáde lórí obìnrin 802, wọ́n sì rí i pé jẹjẹrẹ yọ lára àwọn tó ní irú kìn-ín-ní ju ìlọ́po 4 ti àwọn tó ní irú kejì lọ. Àmọ́ àwọn tó ní jẹjẹrẹ nínú gbogbo wọn kò pọ̀, ìdí nìyẹn tí àyè àṣìṣe tó yí iye náà ká fi fẹ̀ gan-an. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ Edinburgh tí mo mẹ́nu bà jáde, àwọn kò sì rí ìyàtọ̀ láàárín irú méjèèjì. Èmi gbà pé ọ̀rọ̀ irú àpò kò tíì parí. Ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá fẹ́ sọ pé purotéènì irú kìn-ín-ní jẹ́ àmì ewu gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dá iṣẹ́ méjèèjì yìí lóhùn, kó má sì mú èyí tó bá wù ú nìkan.

Ọ̀rọ̀ bíbu omi náà kì í gba ọ̀pọ̀ ojú ewé nínú ìwé, ṣùgbọ́n òun ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Omi àpò lè pupa rúsúrúsú, ó lè dúdú, ó lè jẹ́ àwọ̀ ewé, ó lè mọ́ gaara bí omi. Ẹ kọ àwọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ bá ti fara gbá iṣan ẹ̀jẹ̀, purotéènì ẹ̀jẹ̀ á wọ̀ ọ́, potásíọ̀mù inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tó fọ́ á sì yí ìṣirò irú àpò padà. Ẹ yí sáńpù náà nínú sẹntirifúùjì kíákíá, kí sẹ́ẹ̀lì lọ sísàlẹ̀, kí ẹ bu omi òkè sínú ìgò kéékèèké púpọ̀, kí ẹ sì gbé e sínú fìrísà tó tutù dé 80 sísàlẹ̀ òdo. Ìgò kéékèèké ni mo sọ, nítorí ẹni tó bá kó gbogbo rẹ̀ sínú ìgò ńlá kan á máa yọ́ ọ, á máa gán an, á tún máa yọ́ ọ, purotéènì kan á sì máa bàjẹ́ ju èkejì lọ. Ẹ má da sẹ́ẹ̀lì ìsàlẹ̀ nù; ẹni tó ń wo sẹ́ẹ̀lì lábẹ́ maikirosikópù lè nílò rẹ̀. Wákàtí tí ẹ bù ú àti wákàtí tó wọ fìrísà, ẹ kọ méjèèjì.

Ohun kan tún wà tí kì í hàn sí ẹni tó ń wo ìgò. Omi inú àpò lè ti wà níbẹ̀ fún oṣù tàbí ọdún, ẹ̀ńsáìmù inú rẹ̀ sì ti ń jẹ purotéènì. Nígbà míì, ohun tí ẹ̀rọ bá pè ní nǹkan tuntun lè jẹ́ àjẹkù ohun àtijọ́. Kí ẹ tó gbé orúkọ fún un, ẹ wò ó bóyá apá kan ṣoṣo lára purotéènì náà ni ẹ ń rí nígbà gbogbo, tí ìyókù rẹ̀ kì í hàn.

Nínú láàbù, wàhálà àkọ́kọ́ ni àwọn purotéènì tó pọ̀ jù. Wíwá purotéènì kékeré nínú omi yìí dà bí ìgbà tí ènìyàn ń fetí sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ láàárín ọjà. Ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ á yára gbé ohun èlò tí wọ́n ń tà fún yíyọ albumin àti purotéènì ńlá mìíràn kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n á sì lò ó fún omi àpò. Ẹ dúró ná. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ṣe ohun èlò yẹn fún. Ó lè bá irú kejì mu díẹ̀, nítorí irú kejì jọ ẹ̀jẹ̀. Ní irú kìn-ín-ní, àwọn tó ń pariwo jù ni PIP, apolipoprotein D àti zinc-alpha-2-glycoprotein, ohun èlò ẹ̀jẹ̀ kì í sì í mú wọn. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹ ti ṣe irú kan lọ́nà kan, ẹ ti ṣe èkejì lọ́nà mìíràn, láìmọ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, albumin kì í jáde lóun nìkan. Ó máa ń gbé àwọn kéékèèké tó lẹ̀ mọ́ ọn lọ. Ó tẹ́ mi lọ́rùn jù kí a pín sáńpù sí ìpín-ìpín kí a tó gbé e sórí ẹ̀rọ, bó tilẹ̀ ń gba àkókò, ju kí a yọ nǹkan tí a kò mọ ohun tó bá a lọ.

Bí ẹ bá ń lo àwọn àmì kẹ́míkà bíi iTRAQ tó ń jẹ́ kí sáńpù mẹ́jọ wọ ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ po díẹ̀díẹ̀ lára gbogbo sáńpù pọ̀, kí àpòpọ̀ yẹn wà nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan láti fi wé ìyókù. Ẹ da àwọn tó ní jẹjẹrẹ àti àwọn tí kò ní pọ̀ nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, kí irú àpò méjèèjì náà wà níbẹ̀. Kí ẹni tó ń gbé sáńpù sórí ẹ̀rọ má mọ èyí tó jẹ́ ti ta ni.

Lẹ́yìn ẹ̀rọ mass spectrometer, tó ń fi ìwúwo dá purotéènì mọ̀, ẹ óò fẹ́ fi ELISA, ìdánwò tó ń fi àwọ̀ wọn purotéènì, wọn èyí tí ẹ yàn. Ẹ ṣọ́ra fún PIP níbẹ̀. Ó lè pọ̀ nínú omi náà débi pé á bo gbogbo ohun tó yẹ kó dì í mú, àwọ̀ á wá ṣú díẹ̀ dípò púpọ̀, ẹ óò sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó kéré. Ẹ bomi la sáńpù kan náà ní ìpele-ìpele, kí ẹ wò ó bóyá iye náà dúró sójú kan lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi ìwọ̀n omi tí ẹ bù sí i ṣe ìṣirò. Bí iye bá ń gòkè bí ẹ ṣe ń bomi là á sí i, ẹ kò tíì dé ibi tó yẹ kí ẹ dúró.

Ìṣirò ni ọ̀pọ̀ ń sá fún, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí ẹ ti le jù. Obìnrin ni kí ẹ máa kà, ẹ má ka àpò. Obìnrin kan lè ní àpò mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n sì máa ń jọ ara wọn. Bí ẹ bá gba omi 60 lọ́wọ́ obìnrin 25, ẹ̀rí obìnrin 25 lẹ ní. Ẹni tó bá ṣírò rẹ̀ bí ẹni pé ènìyàn 60 ló bá sọ̀rọ̀, á rí ìdánilójú tí kò sí níbẹ̀. Bákan náà, bí ẹ bá yẹ purotéènì 2,000 wò, tí ẹ sì gba 0.05 gẹ́gẹ́ bí ààlà (ìyẹn ni pé ẹ gbà kí èèṣì tàn yín jẹ ní ìgbà 5 nínú 100), nǹkan bí 100 nínú wọn lè kọjá ààlà náà ní èèṣì, kódà bí kò bá sí ìyàtọ̀ kankan nínú ayé. Ẹ ṣe àtúnṣe ìyẹn kí ẹ tó yan orúkọ kankan, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá ti fẹ́ràn orúkọ náà tán.

Ìtàn kan wà tí mo máa ń sọ fún àwọn tó bá wá bá mi ṣiṣẹ́. Ní 2002, ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé iṣẹ́ kan jáde lórí jẹjẹrẹ ilé ẹyin, níbi tí wọ́n ti fi àwòrán purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ dá gbogbo àwọn tó ní jẹjẹrẹ mọ̀, tí wọn kò sì ṣi ju díẹ̀ lọ nínú àwọn tí kò ní. Ayọ̀ pọ̀ níbi gbogbo. Lẹ́yìn náà ni Keith Baggerly àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún àwọn iye náà yẹ̀ wò láti ìpìlẹ̀, wọ́n sì fi hàn pé ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣètò sáńpù àti ẹ̀rọ lè ti dá ìyàtọ̀ náà sílẹ̀. Àwọn onímọ̀ tó dáńgájíá ló ṣe iṣẹ́ yẹn. Bó bá lè bá wọn, ó lè bá ẹnikẹ́ni nínú wa, ìdí nìyẹn tí mo fi ń tẹnu mọ́ títo ọ̀wọ́ sáńpù.

Ẹ tún gbé ìdánwò yín lé obìnrin tòótọ́. Ká ní nínú obìnrin 1,000 tó ní àpò omi, 10 ni yóò ní jẹjẹrẹ láàárín àkókò tí ẹ ń wò. Ká ní purotéènì yín dára gan-an: ó mú 90 nínú 100 àwọn tí yóò ní in, ó sì fi 90 nínú 100 àwọn tí kò ní ní in sílẹ̀. Á mú 9 nínú 10 yẹn. Ṣùgbọ́n á tún mú 99 lára 990 tó kù. Obìnrin 108 ni ẹ óò pè padà, 9 péré ló sì kàn. Ẹ bi ara yín léèrè ohun tí ẹ óò sọ fún 99 ìyókù, àti ohun tí oorun wọn yóò dà ní alẹ́ ọjọ́ yẹn. Èyí kò túmọ̀ sí pé purotéènì náà kò wúlò. Ó lè ran dókítà lọ́wọ́ tí wọ́n bá fi kún ìtàn ìdílé, ọjọ́ orí àti ohun tí mámógíráàmù, àwòrán X-ray ọmú, sọ. Àmọ́ nọ́ńbà dídán inú ìwé yín kò tíì dé ibi tí wọ́n ti lè fi pe ẹnikẹ́ni padà.

Àsìkò ni ohun tó nira jù. Jẹjẹrẹ ọmú lè gba ọdún púpọ̀ kó tó hàn, ẹni tó bá gba omi lónìí kò lè mọ̀ lọ́la. Àwọn kan máa ń gbìyànjú láti gé ọ̀nà kúrú: wọ́n á gba omi lọ́wọ́ àwọn tó ti ní jẹjẹrẹ tẹ́lẹ̀, wọ́n á fi wé ti àwọn tí kò ní. Ṣùgbọ́n ohun tí jẹjẹrẹ tó ti wà ń ṣe sí ọmú yàtọ̀ sí ohun tó ń ṣáájú rẹ̀, ìtọ́jú tí wọ́n ti gbà náà sì ti yí nǹkan padà. Ọ̀nà tó dúró sán-ún ni èyí tí Margaret Pepe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣàlàyé: kí a kó sáńpù jọ kí ẹnikẹ́ni tó mọ ẹni tí yóò ní àìsàn, kí a tọ́jú gbogbo rẹ̀ bákan náà, kí a dúró, kí a wá mú àwọn tó ní jẹjẹrẹ àti díẹ̀ nínú àwọn tí kò ní jáde láti inú àwọn kan náà, kí ẹni tó ń wọn wọ́n má sì mọ èyí tó jẹ́ èwo. Bí ẹ bá ń mú àwọn tí kò ní, ẹ mú àwọn tí omi wọn wọ fìrísà ní àkókò kan náà pẹ̀lú ti àwọn tó ní, kí pípẹ́ nínú fìrísà má bàa di àmì jẹjẹrẹ mọ́ yín lọ́wọ́.

Gbogbo èyí dá lórí bébà kan tí ọ̀pọ̀ ọmọ láàbù kì í kà: ìwé tí obìnrin náà fọwọ́ sí. Ẹ bá àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà yín jókòó sídìí rẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ gbà yín láàyè láti tọ́jú omi náà fún ọdún púpọ̀, láti kàn sí obìnrin náà padà, àti láti wo ìwé àkọsílẹ̀ jẹjẹrẹ níbi tí irú rẹ̀ bá wà. Kó sọ ní kedere pé ẹ kò ní fún un ní èsì purotéènì, nítorí kò tíì sí èsì tí ó lè fi ṣe nǹkan, àti pé ìtọ́jú rẹ̀ kò ní yí padà bó bá ní òun kò fẹ́. Kí ẹ bi í nípa ìyá rẹ̀, àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin. Kí ẹ bi í ìgbà tó rí nǹkan oṣù rẹ̀ gbẹ̀yìn, bóyá ó ń lo họ́mónù, ọmú wo ni wọ́n ti fa omi náà, àti bóyá àpò náà ti kún padà rí lẹ́yìn tí wọ́n fà á. Gbogbo ìbéèrè yìí kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ nígbà tó ṣì jókòó níwájú yín, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rọ tó lè fà á jáde lára omi náà lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá.